Lẹ́tà Tí Gbàdàmọ́sí Káfíńtà Kò Lè Kà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, nígbà tí mọ́tò ìjọba kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Gbàdàmọ́sí káfíńtà ní Ìlọ́bù, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n wá mú òun. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba bá ti lé kúrò nílùú rí, tó bá rí mọ́tò ìjọba, àyà rẹ̀ á já. Kùmásí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé, ní ìparí ọdún 1969. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà bíi tirẹ̀, kó ayùn àti ìfági sínú àpò ìrẹsì, wọ́n sì wọ lọ́rí padà sí Ìlọ́bù, ìlú tí Gbàdàmọ́sí kò dé rí. Ohun tó rántí jù nínú ìrìn àjò náà ni ọlọ́pàá bọ́dà kan tó na ìwé sí bàbá rẹ̀ pé kó kà á, tí bàbá rẹ̀ sì ń wo ìwé náà bí ẹni ń wo ihò ejò.

Obìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún ni, piríńsípà tuntun tí wọ́n gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Mo pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ wa nítorí pé mo wà nínú kíláàsì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, èmi àti Shakirah, ọmọ Gbàdàmọ́sí. Ìlọ́bù ni ilé bàbá Shakirah, ṣùgbọ́n ọmọ Ìfọ́n ni Mùíbátù ìyá rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó wá kàwé lọ́dọ̀ wa. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra wọn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín kò ní í làágùn púpọ̀ kó tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Gbàdàmọ́sí fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Shakirah," ni piríńsípà wí.

Gbàdàmọ́sí ṣí fìlà, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé Shakirah kò ṣẹ̀ yín?"

"Kò ṣẹ̀ mí rárá. Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀." Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, kò bìkítà fún èérún igi tó lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. "Ètò ẹ̀kọ́ ti yí padà. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ máa ti girama jáde pẹ̀lú ìwé lásán mọ́. Èyí tó bá lè lọ yunifásítì, kó máa lọ. Èyí tí kò bá lè lọ, kó ní nǹkan tó lè fọwọ́ ṣe jẹun. Olúkúlùkù wọn ló gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ kan kún ohun tí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Ọmọ mẹ́tàlélógún ló mú iṣẹ́ igi lọ́dọ̀ mi. Irinṣẹ́ ti wà nínú àpótí láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Mi ò ní olùkọ́. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ jù lágbègbè yìí."

"Mà, èmi kì í ṣe tíṣà."

"Ẹ kọ́ wọn bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ sáà ní sẹ̀tífíkéètì iṣẹ́ yín?"

Gbàdàmọ́sí ní títí dòní, òun ò mọ ohun tó mú kí orí òun mì. Bóyá ojú tí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun fi ń wo òun ni. Bóyá mọ́tò ìjọba náà ni. Orí òun sáà mì, piríńsípà sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ tán, kò sí ọ̀nà láti gbà á padà mọ́.

Kò ní sẹ̀tífíkéètì kankan. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kò mọ̀wé. Ó ka kéwú dáadáa, ó mọ òǹkà, ó sì lè fi tépù wọn igi láìṣì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi lẹ́tà òyìnbó kọ orúkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀, kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Àpótí mẹ́fà ni wọ́n ṣí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ayùn, ìfági, òòlù, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú gírísì tí wọ́n fi kùn ún láti òkè òkun. Ẹ̀rọ ìlagi kan tó ń lo iná wà níbẹ̀. Gbàdàmọ́sí yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi tapólì bò ó, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ká tapólì yẹn kúrò, ilé ẹni náà ló máa gbà lọ. Ó ti rí i ní Kùmásí bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin kan kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé ó kan òun. Láti ọjọ́ yẹn, bí iṣẹ́ bá ti parí, á ní ká na ọwọ́ wa sókè, á sì máa ka ìka wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Igba ìka ó lé ọgbọ̀n. Àwa máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Ó mọ bí a ti ń kọ́ni. Kì í ṣàlàyé títí. Á di ọwọ́ rẹ mú lórí ìfági, á bá ọ tì í lọ tì í bọ̀ títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ibi tí igi ti ń kọ̀ àti ibi tó ti ń gbà. Kí ọdún kan tó pé, a ti lè kan àga téèyàn lè jókòó lé láìjẹ́ pé ó mì.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í tán nílé-ẹ̀kọ́. Ìwé ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ wa ń bẹ, lẹ́tà láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo ń bẹ, ìwé ìpàdé ń bẹ. Bí wọ́n bá fún un, á ká a pọ̀, á kì í bọ àpò, á ní ojú ń dun òun, òun á kà á nílé. Bó bá di dandan kí wọ́n kọ nǹkan sójú pátákó, á na ṣọ́ọ̀kì sí Shakirah. A rò pé ọ̀gá ló ń ṣe. Tó bá délé, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Shakirah ti ń ka gbogbo ìwé náà fún un, ojú ewé dé ojú ewé, tí á máa sọ ọ́ di Yorùbá. Bí aládùúgbò bá ti ń bọ̀, wọ́n á dákẹ́.

Ó sọ fún mi pé ní gbogbo àsìkò yẹn, òun kì í lè jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ sí Ìfọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti mú ìwé dání tó ń bọ̀ wá sí yàrá iṣẹ́, òun á yára gba ìfági lọ́wọ́ ọmọ tó súnmọ́ òun jù, òun á máa fá igi.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàrin Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ti wà kí wọ́n tó bí wa. Ó lè rọlẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó tún ru. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Nínú ìpàdé òbí tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní ọdún náà, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àṣírù dìde. Oko rẹ̀ wà ní ẹ̀bá ààlà gan-an, Abdulbasit ọmọ rẹ̀ sì wà nínú kíláàsì wa.

"Piríńsípà, ẹ má bínú o. Ṣé káfíńtà ti tán ní Ìfọ́n ni? Ọmọ Ìlọ́bù lẹ lọ mú pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí àwọn ọmọ yìí bá gbé òfo, ta la máa mú?"

Ẹ̀yìn ni Gbàdàmọ́sí jókòó sí. Àwọn èèyàn yíjú wò ó. Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún fún Àṣírù lésì, ó ní iṣẹ́ igi kò mọ Ìlọ́bù, kò mọ Ìfọ́n. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Gbàdàmọ́sí lára. Tẹ́lẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí wọ́n mọ̀ pé òun kò mọ̀wé. Wàyí o, ó wá rí i pé bí a bá gbé òfo, kò sẹ́ni tó máa sọ pé àìmọ̀wé ló fà á. Wọ́n á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ọmọ Ìfọ́n jẹ́ ni. Ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń bẹ láàrin ìlú yẹn.

Báyìí ni oṣù karùn-ún dé. Ní ọjọ́ Àtìní kan, Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún pè é sí ọ́fíìsì, ó sì gbé àpò ìwé kan tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Shakirah, ohun tí ẹ máa pèsè sílẹ̀ fún ìdánwò ló wà níbí: irú igi, ìwọ̀n rẹ̀, àti gbogbo nǹkan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa lò. Ọjọ́ Àtìní tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é. Ìbéèrè gan-an kọ́ nìyí o, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ọmọ lè ti ara rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n máa ní kí wọ́n kàn. Ẹ má jẹ́ kí ojú ọmọ kankan kàn án. Ẹ mọ̀ pé Shakirah náà wà nínú wọn."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á. Shakirah ti kọ́ ọ bí á ṣe máa ya orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń ya àwòrán.

Ó dé ilé. Shakirah rí àpò ìwé lábẹ́ apá rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù lára ìró, ó sì na ọwọ́ náà bó ti máa ń ṣe. "Bàbá mi, ẹ gbé e wá, kí n tètè kà á kí n tó lọ pọnmi."

"Má fọwọ́ kàn án!"

Igbe náà le débi pé adìyẹ fò kúrò lábẹ́ àwọ̀n. Shakirah fà sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ kò pariwo mọ́ ọn báyẹn rí. Gbàdàmọ́sí ti jókòó lé ìwé náà lórí. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ló wà fún ẹni tó bá jẹ́ kí ọmọ rí ìwé ìdánwò ṣáájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kàwé fún un láyé, ẹni náà gan-an ni kò gbọ́dọ̀ rí èyí.

Mùíbátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí Shakirah ti gbé garawa jáde. "Bàbá Shakirah, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"N ò mọ̀."

"Ẹ lọ sọ fún obìnrin yẹn."

"Kí n sọ fún un pé kí ni? Pé mo ti ń tàn án láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn? Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé mo ní sẹ̀tífíkéètì. Àwa méjèèjì ni wọ́n máa kó."

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ẹ̀bá pósítọ́fíìsì, níbi tí Jàlálù ti ń fi taípù kọ lẹ́tà fún àwọn èèyàn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Nígbà tó kàn án, Jàlálù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín kọ ọ́ ni àbí kí n bá yín kà á?" Gbàdàmọ́sí rántí pé àbúrò Jàlálù wà nínú kíláàsì wa. Ó dìde, ó ní òun kàn yà kí i ni.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ṣí àpò náà fúnra rẹ̀. Ó rí òǹkà: 300, 50, 25. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí pé ó dà bí ìwọ̀n igi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òǹkà náà, ìlà mẹ́fà ọ̀rọ̀ ló tẹ̀ lé e, kò sì sí òǹkà nínú wọn. Ó gbé agolo gúlù wá, ó ń fi lẹ́tà tó wà lára agolo wé èyí tó wà nínú ìwé, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó rí ọ̀rọ̀ kan tó jọra. Gúlù wà níbẹ̀. Odindi ìrọ̀lẹ́ ló fi rí ọ̀rọ̀ kan yẹn. Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé ìrókò ni wọ́n fẹ́ ni, àbí igi tó rọ̀? Ṣé ẹyọ kan ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, àbí méjì? Bó bá ra èyí tí kò tọ́, kò sí àtúnṣe lọ́jọ́ ìdánwò.

Ọjọ́ Àlàmísì ló jí, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó sì sọ fún Mùíbátù pé òun ń lọ. Mùíbátù ní òun á bá a lọ. Ó ní rárá, nítorí bí wọ́n bá mú òun, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá Shakirah! Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Mà, mi ò mọ̀wé. Mi ò kà rí. Mi ò sì ní sẹ̀tífíkéètì." Ó na àpò ìwé náà sókè láti orí ìdọ̀bálẹ̀. "Mi ò jẹ́ kí ọmọ mi rí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á fún mi."

Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún gba àpò náà, ó gbé e sórí tábìlì. Níta, ẹnì kan lu aago ìsinmi, àwọn ọmọ sì sáré jáde. Nígbà tó gbójú sókè, obìnrin náà di etí tábìlì mú.

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ ní i."

"Mo mi orí ni, mà."

"Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ohun tí mo kọ, Bàbá Shakirah. Orúkọ mi." Ó jókòó. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí." Ó yọ ìwé náà nínú àpò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ dìde. Bí a bá sọ ọ́ síta lónìí, àwọn ọmọ mẹ́tàlélógún ò ní ṣe ìdánwò. Ẹ gbé àga yẹn súnmọ́ ibí."

Ó fọhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Igi tó rọ̀ ni, irú arère, tó gbẹ dáadáa, tí wọ́n ti fá tẹ́lẹ̀, ẹyọ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ègé pílánkì tínrín kan, pẹ̀lú gúlù. Gbàdàmọ́sí gbá àyà rẹ̀ mú. Ìrókò ló ti ní lọ́kàn láti rà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wo ló máa fi wákàtí mẹ́ta gé ìrókò?

Láti ọ̀sán Àlàmísì títí di ọjọ́ Àìkú, ìfági kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló fá fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan bá a ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó di gbogbo rẹ̀ sínú píkọ́ọ̀pù kan tó háyà, ó fi tapólì bò ó, ó sì gba ọ̀nà Ìfọ́n.

Kò mọ̀ pé àwọn ará ìlú méjèèjì ti jà lóko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ààlà, igi ti dí ojú ọ̀nà, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá sì dúró pẹ̀lú àdá. Àṣírù wà nínú wọn. Awakọ̀ ní òun á padà. Gbàdàmọ́sí ní kó má padà, ó kàn ní kó dúró. Òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ Ìlọ́bù," ni ọ̀kan wí, "kí ló wà lábẹ́ tapólì yẹn?"

"Igi ni. Igi ìdánwò àwọn ọmọ yín."

Ọkùnrin náà na àdá rẹ̀, ó fẹ́ fi ká tapólì. Gbàdàmọ́sí ké sí Àṣírù. "Bàbá Abdulbasit, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ká a, tí àwọn tó wà lójú ọ̀nà rí i, wọ́n lè fagi lé ìdánwò náà. Ẹyọ méjì ibẹ̀, ti Abdulbasit ni."

Àṣírù wò ó títí. Ó tutọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ó jókòó lórí tapólì náà, ó sì fi àdá lé itan. "Ẹ ṣí ọ̀nà," ló wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn títí wọ́n fi dé ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n já igi tán, ó fa Gbàdàmọ́sí mọ́ra lápá. "Mo ti mọ ilé ìyá ìyàwó rẹ. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ìdánwò ọmọ mi, má wulẹ̀ sá."

Ní ọjọ́ Àtìní, ẹni tó wá ṣe ìdánwò fún wa ti Ìbàdàn wá. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlápé ló ń jẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù wa dúró nídìí bẹ́ǹṣì rẹ̀, igi méjì níwájú wa. Piríńsípà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlápé wọn igi mélòó kan, ó mi orí, ó sì yọ ìwé kan.

"Tíṣà," ló wí, ó na ìwé náà sí Gbàdàmọ́sí, "ẹ ka ìlànà yìí sí wọn létí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Gbàdàmọ́sí gba ìwé náà. A rò pé á ní ojú ń dun òun, á sì na ìwé náà sí Shakirah bó ti máa ń ṣe. Shakirah gan-an ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Gbàdàmọ́sí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àsìkò yẹn lòun rí i pé bí ọmọ òun bá fi lè fọwọ́ kan ìwé kankan lójú ọkùnrin yìí, ó ti bọ́ sínú wàhálà tí òun ò ní lè yọ ọ́.

"Dúró síbẹ̀, Shakirah." Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlápé. "Sà, mi ò lè kà á. Mi ò mọ̀wé."

Abdulbasit ní "Ẹ̀n?" bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Shakirah gbé orí lé bẹ́ǹṣì.

"Ta ló wá pèsè àwọn igi yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ ò mọ̀wé, ẹ wá mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ìyẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù. "Ta ló kà á fún yín?"

"Èmi ni." Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún ti wọlé. "Èmi ni mo kà á fún wọn nínú ọ́fíìsì mi, àwa méjì péré."

"Tíṣà, ṣé ẹ ní ọmọ nínú kíláàsì yìí?"

"Mo ní ọ̀kan, sà. Òun ló gbórí lé bẹ́ǹṣì yẹn. Kò rí ìwé náà. Mo fi Kùránì búra."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlápé wo Shakirah, ó wo gbogbo wa, ó wo aago rẹ̀. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ nílé. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Gbàdàmọ́sí, ó kà á fún wa fúnra rẹ̀, ó sì ní ká bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì ń kọ̀wé. Ìwé tó kọ lọ́jọ́ náà gùn.

Gbàdàmọ́sí jókòó síta lẹ́bàá ògiri. Ó ní òun ń fetí sí ayùn wa, òun sì ń mọ ẹni tó ń kánjú àti ẹni tó ti ṣìnà nínú ìró rẹ̀, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe.

Nígbà tí èsì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù dé, tiwa kò dé. Wọ́n ní wọ́n dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti Òṣogbo wá sí ilé Gbàdàmọ́sí láti bi Shakirah ní ìbéèrè. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá sọ, bàbá rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láìgbọdọ̀ wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ọmọ náà ń bì. Fún oṣù márùn-ún, Gbàdàmọ́sí kò dé Ìfọ́n. Mùíbátù nìkan ló ń lọ wo ìyá rẹ̀, bó bá sì ti lọ, ọkọ rẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ títí á fi dé. Àṣírù kò wá. Gbàdàmọ́sí ní ì bá sàn fún òun ká ní ó wá, nítorí ojoojúmọ́ lòun ń retí rẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 1996 ni èsì jáde. Wọ́n kò rí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn wa. Ọmọ mọ́kàndínlógún nínú wa yege nínú iṣẹ́ igi, mọ́kànlá nínú wọn sì gba kírédíìtì, Abdulbasit wà lára wọn. Ó lọ sí politẹ́kíníìkì. Bàbá rẹ̀ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Shakirah náà gba kírédíìtì, ṣùgbọ́n ìṣirò já a kulẹ̀, láìsí ìṣirò kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó máa gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un ṣe kó tó bọ́ sí i.

Lẹ́tà ti Òṣogbo tẹ̀ lé e pé ẹni tí kò ní sẹ̀tífíkéètì kò gbọ́dọ̀ kọ́ kíláàsì ìdánwò mọ́. Kò sí ẹni tó ní in tó fẹ́ wá sí Ìfọ́n. Nítorí náà wọ́n ti yàrá iṣẹ́ náà pa, àwọn tó wà lẹ́yìn wa sì lọ mú ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n rẹ Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún nípò sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan nínú ìgbèríko, ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì.

Gbàdàmọ́sí padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wọ kíláàsì àwọn àgbà tó ń wáyé lẹ́yìn ìrun Àsárì ní Ìlọ́bù, ó jókòó láàrin àwọn ìyá arúgbó. Ní ọdún 1997 ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba ń ṣe fún àwọn oníṣẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ẹnu bi ni léèrè, tí wọ́n sì ń wo iṣẹ́ ẹni. Ó yege. Ó ti lè ka lẹ́tà báyìí, díẹ̀díẹ̀, bó bá ń fi ìka tọ ọ́.

Mo bi í bóyá ẹ̀rù náà ti lọ. Ó ní ti ìwé ti dín kù. Ó ní èyí tó kù ni ti Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún, tó pàdánù ipò nítorí irọ́ òun. Ọdún 1998 ni òun tó ní ìgboyà láti lọ kí i ní ilé rẹ̀. Obìnrin náà gba òun tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu omi fún òun, ó béèrè Shakirah àti ìyá rẹ̀. Òun jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Gbogbo ohun tí òun ti tò sẹ́nu láti ilé láti fi tọrọ àforíjì, òun ò rí ọ̀kan sọ nínú rẹ̀. Obìnrin náà wá sin òun dé ojú títì, ó sì bá òun dá mọ́tò dúró.